Òrìṣà Tí Iná Ìsọjí Kò Jó

Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí kan bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè nílùú Iléṣà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ ọdún 26 tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba rí, ni èrò ń wọ́ tọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, àti láti ọ̀nà tó jìn ju ìyẹn lọ. Wọ́n gbé aláìsàn wá, wọ́n pọn omi wá fún àdúrà, wọ́n sì kó ońdè, ìgbàdí, àdó àti ère wá kí wọ́n lè dáná sun wọ́n. Kí ọdún náà tó parí, ìsọjí ti dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó sì ti ibẹ̀ ràn káàkiri Èkìtì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ilé àdúrà fi pọ̀ tó báyìí láti Ìdó dé Ìfàkì, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, kò lè fo ọdún yẹn dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìjọ míṣọ̀n ti wà nílẹ̀ ṣáájú, tí àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun kó lẹ́rú sì ti gbé ìgbàgbọ́ tuntun náà bọ̀ wálé nígbà tí ogun Kírìjì parí.

N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu iná yẹn. Ẹni tó ju oògùn tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ sínú iná, lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀, ju ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé nígbà àìsàn àti nígbà ogun nù ni, kì í ṣe ọ̀lẹ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kólósè, orí 3 ẹsẹ 5, ó ka ojúkòkòrò mọ́ ìbọ̀rìṣà. Òrìṣà tó sọ níbẹ̀ kò ní ère. Ní Ìrè-Èkìtì, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ọmọdé mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ Ògún. Ní Ayédé, kò sí ẹni tí kò mọ ọdún Yemọja. Àwọn òrìṣà wọ̀nyẹn ní ojúbọ, wọ́n ní ọjọ́, wọ́n ní aworo, ẹni tó bá sì fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ mọ ohun tí yóò jáwọ́ nínú rẹ̀. Èyí tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí kò ní ojúbọ kankan lójú ìta. Àyà ẹni tó gbé Bíbélì dání ló ń gbé. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi yẹ̀ wò ni pé òrìṣà yìí, ìyẹn ara ẹni tó gun orí ìtẹ́ Olúwa, ni iná ọdún 1930 kò lè jó fúnra rẹ̀, pé òun gan-an ni Kristi ní kí ọmọlẹ́yìn òun pa, àti pé ìjọ tó bá dá a sí lè ṣe ìṣọ́ òru títí ilẹ̀ á fi mọ́ kó má tíì bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kú àti ohun tí kò gbọdọ̀ kú. Ìwé Lúùkù, orí 9 ẹsẹ 23, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé Jésù yóò sẹ́ ara rẹ̀, yóò sì máa gbé àgbélébùú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ti ojoojúmọ́ yẹn, Lúùkù nìkan ló kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àwọn tó ròyìn ọ̀rọ̀ náà, ó sì yí gbogbo nǹkan padà. Ikú tí ènìyàn ń kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ ti akọni lójú ogun. Èyí tí ènìyàn ń kú láràárọ̀, nígbà tí ọkọ tàbí aya sọ̀rọ̀ tó dunni, nígbà tí wọ́n fi ipò tó tọ́ síni fún ẹlòmíràn, kò ní ìlù, kò ní oríyìn. Ẹ̀wẹ̀, nínú Gàlátíà orí 2 ẹsẹ 20, Pọ́ọ̀lù ní a ti kan òun mọ́ àgbélébùú pẹ̀lú Kristi, síbẹ̀ ó fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé òun wà láàyè nínú ara. Ọgbọ́n orí rẹ̀ kò kú, nítorí ó ń bá àwọn ará Gàlátíà jiyàn kíkankíkan nínú ìwé kan náà. Ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kú, àgọ́ ló ń pa jẹun. Ohun tó kú ni ẹ̀tọ́ tó rò pé òun ní láti jẹ́ olúwa ara òun, kí ohun gbogbo, títí kan ẹ̀sìn pàápàá, máa sin ìgbéga òun. Jésù fi irúgbìn ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú Jòhánù orí 12, kò sì yẹ kí ìyẹn ṣòro fún àgbẹ̀ ilẹ̀ Èkìtì láti gbà. Èbù tó bá wọ inú ebè kì í padà jáde bó ṣe wọlé. Bí iṣu tuntun ti ń ta nísàlẹ̀ ni èbù ń jẹrà, bí àgbẹ̀ bá sì káàánú rẹ̀ tó tọ́jú rẹ̀ sínú àká, èbù ló máa jẹ́ títí tí yóò fi gbẹ dànù.

Babalọlá fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí kan tó yẹ ká wò dáadáa, nítorí iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ là ń sọ jù, a kì í sábà sọ ohun tó fi sílẹ̀. Odò-Ọ̀wà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1904, ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ààlà àríwá Èkìtì. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kó tó rí iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tó ń la ọ̀nà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní PWD. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Ìkéjì-Arákejì, níbi tí yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lónìí, ó gbọ́ ìpè, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí owó oṣù ìjọba ti ṣọ̀wọ́n tó nígbà náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré ló jọ̀wọ́. Ní ọdún 1932 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Ìlú Bìní. Ṣùgbọ́n èyí tó wú mi lórí jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n to ìjọ tó ti inú ìsọjí náà jáde. Nígbà tí Christ Apostolic Church forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943, Isaac Akínyẹlé ni ààrẹ, David Odùbánjọ ni alábòójútó àgbà. Babalọlá, tí èrò tìtorí rẹ̀ kún ọ̀nà Iléṣà bámúbámú, gba ipò ajíhìnrere. Kò yọ ara rẹ̀ kúrò láti lọ dá ìjọ ti ara rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ènìyàn ló wà nígbà yẹn tó ní agbára láti ṣe bẹ́ẹ̀ tó o. Ipò ajíhìnrere yẹn náà ló wà títí tó fi kú ní Ẹdẹ ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959, tí wọ́n sì gbé e lọ sin ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Akínyẹlé ní tirẹ̀ gun orí oyè Olúbàdàn ní 1955, kò sì torí ìyẹn fi ìjọ sílẹ̀. Ọ̀kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọ̀kan wọ ààfin, Olúwa kan náà ni wọ́n sì ń sìn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ohun tí ènìyàn ní tàbí tí kò ní díwọ̀n bí ara rẹ̀ ti kú tó yóò ṣìnà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé mo ń sọ àsọdùn, ẹ̀rí kan wà tó wúwo ju èyí lọ, ọmọ Ìkọ̀lé kan ló sì wà lára àwọn tó tú u palẹ̀ fún wa. J. F. Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ní ọdún 1929, tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó ní 1972, tẹ ìwé pàtàkì kan jáde ní 1965 lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ̀n Kristẹni ní Nàìjíríà láti 1841 sí 1891. Ọdún tó fi pààlà ìwé náà ni ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kú. Gbogbo ayé mọ bí Crowther ṣe dìde: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún kejì, ó di àlùfáà ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ohun tí a kì í sábà kọ́ àwọn ọmọ wa ni bí ó ṣe parí. Láti ọdún 1875, àwọn Onígbàgbọ́ kan ti ń pàdé lọ́dọọdún ní Keswick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ara wọn nípa ìwà mímọ́ àti jíjọ̀wọ́ ara ẹni fún Ọlọ́run pátápátá. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, ó sì gbóná lọ́kàn àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ̀n ìjọ Áńgílíkà, nígbà náà. Méjì nínú irú wọn, Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson, dé Odò Ọya ní 1890, wọ́n sì fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùjókòó. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sẹ́ ara wọn: wọ́n bọ́ aṣọ òyìnbó, wọ́n wọ ti Hausa, oúnjẹ àwọn ará ìlú ni wọ́n ń jẹ, gbogbo ìdẹ̀ra tí òyìnbó máa ń gbé wá sí ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, àwọn wọ̀nyí ni ara wọn ti kú.

Àwọn náà ló tún wà lára àwọn tó wó iṣẹ́ bàbá arúgbó náà lé e lórí. Wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ tí Crowther kó jọ, wọ́n ní wọn kì í ṣe Onígbàgbọ́ tòótọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn wọn ni irọ́. Àwọn kan wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà tí ìwà wọn kò mọ́, Crowther pàápàá mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pa ẹni rere àti ẹni búburú pọ̀ sínú ìdájọ́ kan ṣoṣo. Ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Onitsha ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, akọ̀wé míṣọ̀n, tí kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, ni ó ń dá àlùfáà dúró níṣojú bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ bíbí Crowther tó jẹ́ àlùfáà àgbà sì wà lára àwọn tó dá dúró. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Robinson kú ní Lọ́kọ́ja ní 1891, Brooke náà kú níbẹ̀ ní 1892, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò fi ara wọn jìn. Wọ́n jọ̀wọ́ ibùsùn, wọ́n jọ̀wọ́ oúnjẹ, wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀mí. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò jọ̀wọ́ ni ìdánilójú pé àwọn ló mọ ẹni tí Ọlọ́run gbà àti ẹni tí kò gbà. Òrìṣà náà ṣì wà lórí ìtẹ́, aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ ló kàn gbé wọ̀. Pọ́ọ̀lù ti sọ tẹ́lẹ̀ nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 13 pé ènìyàn lè pín gbogbo ohun ìní rẹ̀, kó sì fi ara rẹ̀ fún sísun, kó má sì ní èrè kankan bí ìfẹ́ kò bá sí níbẹ̀.

Ẹ wá wo Crowther. Kò dákẹ́. Ó gbè fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì kúrò nínú ìgbìmọ̀ tó ń fi wọ́n wọ́lẹ̀. Inú bí àwọn ará Èkó gidigidi, ó sì yẹ kó bí wọn. Lóṣù kẹjọ ọdún 1891 ni àwọn kan yà kúrò tí wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ara rẹ̀ ni Crowther ń wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ìbá tẹ̀ lé e jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fi oṣù díẹ̀ tó kù fún un láyé ṣètò bí àwọn ìjọ tó wà ní ẹnu odò lọ́hùn-ún, ní agbègbè Bonny, yóò ṣe máa bọ́ ara wọn, tí wọn yóò sì máa darí ara wọn láìya kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ìjọ náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Ó jà fún iṣẹ́ náà, ó jà fún àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ, ó sì gbé ọ̀ràn ti ara rẹ̀ sọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí wọ́n bá ní kí n tọ́ka sí ọmọ Yorùbá tó kú fún ara rẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ dárúkọ.

Pẹ̀lú ìwọ̀n yìí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká padà sí àríwá Èkìtì ti òde òní. Bí a ṣe máa ń mọ ẹni ẹ̀mí láàárín wa ni pé ó ń gbààwẹ̀, ó ń lọ sí orí òkè, ohùn rẹ̀ ń bú nínú àdúrà lóru. N kò kórìíra ọ̀kankan nínú wọn. Babalọlá ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí a ń béèrè nígbà tí a bá dé orí òkè. Ogo mi, ọ̀nà mi, àwọn ọ̀tá mi, àwọn tó ń ṣọ́ mi, ọdún ìgbéga mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú àdúrà náà ni ẹni tó wá wọ ońdè ní 1929 ń wá lọ́dọ̀ oníṣègùn, ìyẹn ààbò fún èmi, ìṣubú fún ẹni tó kórìíra mi. Orúkọ tí a fi ń béèrè ló yí padà. Ẹni tí a ń béèrè fún kò tíì kúrò lórí ìtẹ́. Àtubọ̀tán rẹ̀ kò fara sin. Bí ó bá kan yíyan Bàbá Ìjọ tàbí Ìyá Ìjọ, ìdílé méjì lè yẹra fún ara wọn fún ọdún gbọọrọ. Bí àgbà bá kú, a ó yá owó láti fi ra aṣọ ẹbí, a ó pa màlúù, kí ìlú lè mọ̀ pé òkú náà bímọ, nígbà tí àgbàlagbà yẹn fúnra rẹ̀ kò rí owó oògùn tó péye nígbà tó wà láàyè. Àwọn ọmọ ìyá kan náà á máa bá ara wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀ oko ní kóòtù, wọn á sì jọ gba ara Olúwa ní ọjọ́ ìsinmi.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ẹni tó yó ni mò ń sọ yìí. Àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ń bàjẹ́ ní oko nítorí ọ̀nà tí kò dára, ìyá tí kò rí owó ilé ìwé ọmọ, kí ni kí wọ́n bẹ Ọlọ́run fún bí kì í bá ṣe ti ara wọn? Ìbéèrè tó tọ́ ni, mo sì gbà pé a gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Jésù kọ́ wa láti tọrọ oúnjẹ òòjọ́, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ebi pani ká ké sí Baba. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí oúnjẹ náà wà nínú àdúrà yẹn, ní Mátíù orí 6. Orúkọ Ọlọ́run ló ṣáájú, ìjọba rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìfẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí a tó kan oúnjẹ. Nígbà tí a sì kan án, tiwa ni a tọrọ, a kò tọrọ tèmi nìkan. Àgbẹ̀ tó bá ń gbàdúrà báyìí yóò rántí àgbẹ̀ kejì tí iṣu tirẹ̀ náà ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà kan náà, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jọ dìde lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ ọ̀nà.

Èyí tó lágbára jù nínú àwọn àtakò ni pé wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Wọ́n ti sọ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù pé kó kú fún ara rẹ̀, kó máa fara dà á. Wọ́n ti sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọ tí wọn kò san owó oṣù fún pé ẹran ara ló ń bá a jà. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ ìjọ pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní wá, kí olórí lè ra ọkọ̀ tuntun. Mo gbà pé gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, mo sì sọ ọ́ tìbínútìbínú pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ àgbélébùú. Nínú Fílípì orí 2, ẹni tó wà lókè ló fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tó tì í. Ara tèmi nìkan ni mo lè fi rúbọ. Ẹni tó bá mú ara ẹlòmíràn tó fi rúbọ fún ìdẹ̀ra tirẹ̀, òrìṣà tirẹ̀ ló ń bọ, Jésù sì ti bá irú wọn wí ní Mátíù orí 23 pé wọ́n ń di ẹrù wúwo lé àwọn ènìyàn léjìká tí àwọn fúnra wọn kò jẹ́ fi ìka kàn án. Nínú ilé tí ọkọ ti ń lu aya, ara ọkọ ni kò tíì kú. Òun ni kí wọ́n wàásù fún, kí wọ́n sì gbé obìnrin náà lọ síbi tí ọwọ́ kò ti ní tẹ̀ ẹ́. Kíkú fún ara ẹni kò sọni di odi. Ní ilẹ̀ Jámánì, pásítọ̀ Dietrich Bonhoeffer kọ ìwé ní 1937 lórí iye tó ń náni láti jẹ́ ọmọlẹ́yìn Kristi, ó sì tako ìjọba Hitler títí wọ́n fi so ó kọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1945. Ẹni tí kò bẹ̀rù àtipàdánù ara rẹ̀ mọ́ ni agbára rẹ̀ ká a láti sọ òtítọ́ fún aláṣẹ.

Àtakò kan tún wà tí mo gbọ́ pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, kò sì gba àlàyé gígùn. Èkìtì fẹ́ràn ìwé. Àwọn tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́, tí ọgbà rẹ̀ kejì wà ní Ìkọ̀lé, lè béèrè pé ṣé kí àwọn má lépa ohunkóhun ni? Àwọn àgbà tó mọ ìjìnlẹ̀ Yorùbá náà lè sọ pé olúkúlùkù ló yan orí tirẹ̀ wá, àti pé ẹ̀sìn tó ní kí ènìyàn pa ara rẹ̀ rẹ́ fẹ́ pa orí rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Jésù fi ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n ìfẹ́ ọmọnìkejì, kò lè jẹ́ òun ló tún máa ní kí a kórìíra ara tó dá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìwé rẹ̀ débi gíga, tí kò sì jí iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, tí kò fi ara rẹ̀ tàbí owó ra máàkì, ti kú fún ara rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ju ẹni tó sùn sí orí òkè kó lè yege láìkàwé lọ. Adé Àjàyí kì bá wúlò fún wa tó báyìí ká ní ó jókòó sí Ìkọ̀lé tó ní ìmọ̀ jẹ́ ti ayé.

Bí ìgbé ayé ẹ̀mí bá rí báyìí, a jẹ́ pé ibi iṣẹ́ àti ilé ló ti ń hàn ju orí pẹpẹ lọ. Ìjọ àwọn aládùúrà, irú èyí tí Babalọlá wà, ti jìyà ọ̀rọ̀ ohun tó ń fi ẹni ẹ̀mí hàn yìí rí. Àwọn míṣọ́nnárì tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 láti bá wọn ṣiṣẹ́ ń lo kuníìnì nítorí ibà, bẹ́ẹ̀ àwọn aládùúrà kọ oògùn, èyí sì wà lára ohun tó fa ìpínyà láàárín wọn ní nǹkan bí ọdún 1939 sí 1940. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ àwọn tó kọ oògùn nígbà náà, nítorí wọ́n san owó rẹ̀ pẹ̀lú ara wọn. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kíkọ oògùn kò sọ pé ara ẹni ti kú, gẹ́gẹ́ bí aṣọ Hausa kò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ nípa Brooke àti Robinson. Ìgbéraga lè kọ oògùn, ó lè lo oògùn. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì lónìí, tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà. Nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru níbẹ̀, tó nu ìgbẹ́ aláìsàn tí kò ní ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò gba rìbá, tí kò bú u, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni lówùúrọ̀, ti ṣe ìṣọ́ òru tí Ọlọ́run mọ̀ sí. Àdúrà ló ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní agbára, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ipá ọwọ́ ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́. Pọ́ọ̀lù sọ nínú Róòmù orí 8 pé nípasẹ̀ Ẹ̀mí ni a fi ń pa iṣẹ́ ti ara. Ìdí nìyí tí n kò fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ohun tó ń béèrè níbẹ̀ yí padà.

Ẹ̀yin àlùfáà, wòlíì, Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti gbogbo àyíká yín, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ìkórè ń bọ̀, àwọn ènìyàn yóò gbé iṣu, owó àti ewúrẹ́ wá síwájú pẹpẹ. Jésù sọ nínú Mátíù orí 5 pé ẹni tó bá rántí níbẹ̀ pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun, kó fi ọrẹ náà sílẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ẹ yan ọjọ́ kan ṣáájú ìkórè tọdún yìí, kí ẹ fi pe àwọn tó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ oyè ìjọ pín níyà, àti àwọn ọmọ ìyá tí kì í kí ara wọn mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ níṣojú yín kí ẹ tó gba ọrẹ lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìwọ tó ń ka èyí náà, bí o bá ti mọ ẹni tí ó yẹ kí o lọ bá, má dúró de ìkórè.